Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Sunkún Ajá Rẹ̀

Nígbà tí àwọn tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ èrò mi sílẹ̀ lórí títọ́ ọmọ, mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò máa retí ọ̀rọ̀ lórí ìdánwò, tàbí lórí fóònù, tàbí lórí àwọn ọmọ òde òní tí kì í gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́ bá mi dé òpin rẹ̀.

Orúkọ ajá náà ni Ojúlárí. Ìyá mi ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lọ́dọ̀ àwọn àgbà yóò rántí pé àwọn àgbà kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí ó bá ní ohun kan lọ́kàn sí aládùúgbò rẹ̀ a fi ohun náà sọ ajá rẹ̀ lórúkọ. Bí ó bá ti ń pe ajá láàárọ̀ tí ó sì ń pè é lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi òwe ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹni náà kò sì ní lè bá a jà, nítorí ajá ni ó ń pè. Ní ọdún tí a gba ajá yìí, ọ̀rẹ́ kan ti da ìyá mi. Wọ́n wo ọmọ ajá pupa kékeré náà tí ó ní funfun láyà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní Ojúlárí ni yóò máa jẹ́, nítorí ojú lárí, ọ̀rẹ́ kò dé inú.

Orúkọ náà bá ẹni tí wọ́n fi ń pa òwe mu, ṣùgbọ́n kò bá ajá náà mu rárá. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí Ojúlárí dé ilé wa ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ajá yìí ni ó ń gbá mú nígbà tí ó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ojúlárí a sìn ín dé oríta tí ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gbé e, a sì dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi lọ. Bí ó bá di ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ìró ọkọ̀, ajá ti dìde lábẹ́ mọ́tò mi, ó ti dé ẹnu géètì. N kò rí ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ kò dùn láti rí wa, àní ní ọjọ́ tí a bá gbàgbé láti fún un ní oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ tirẹ̀ dé inú.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa nígbà tí àìsàn dé. Àkókò òjò ni, eégbọn sì pọ̀ lára rẹ̀. Ó kọ oúnjẹ, ó sì ń sùn káàkiri. Ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kíní, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èsì tí mo fọ̀ ni pé, “Ajá ni. Yóò lọ jẹ koríko, ara rẹ̀ yóò sì yá.” Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ètè rẹ̀ sókè, ó fi èrìgì rẹ̀ hàn mí: ó funfun bí ìwé. Ó ṣàlàyé fún mi pé eégbọn ni ó ń gbé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, pé kòkòrò náà a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ títí ara yóò fi ṣófo, pé oògùn rẹ̀ wà bí a bá tètè dé, àti pé oògùn tí kì í jẹ́ kí eégbọn dúró lára ajá rárá wà pẹ̀lú. Ó ní, “Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ẹ gbé e wá ni.” Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Ojúlárí ti kú.

Mo sin ín sẹ́yìn ilé kí ọmọ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Nígbà tí ó dé tí ó bèèrè ajá rẹ̀, mo sọ fún un pé a ti gbé e lọ sí oko lọ́dọ̀ Màmá àgbà ní Ìkirè, níbi tí atẹ́gùn tútù yóò ti fẹ́ sí i tí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ọmọ náà kò sunkún. Mo yin ara mi pé mo gbọ́n.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ eegun kù nínú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe eegun lásán, ẹran a ṣì máa wà lára rẹ̀. A dì í sínú ọ̀rá, a tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì ìyá rẹ̀, bí ó bá sì gbọ́ pé mò ń lọ sí Ìkirè, a gbé e fún mi pé kí n fún Ojúlárí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jù ú sínú igbó kí n tó dé Aṣéjìrẹ́. Bí mo bá padà dé, a bi mí bóyá ajá náà jẹ ẹ́, èmi a sì dáhùn pé ó jẹ ẹ́, ó tilẹ̀ ń jù ìrù. Èmi, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìjọsìn ní ọjọọjọ́ ìsinmi.

Nígbà ọdún Kérésìmesì, ìyá mi wá kí wa, wọ́n sì gbé dòdò Ìkirè dání bí ìṣe wọn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Kí ó tó dìde, ó bèèrè pé, “Màmá àgbà, ṣé Ojúlárí ń jẹ àwọn eegun tí mo ń fi ránṣẹ́?”

Ìyá mi wò mí, wọ́n tún wo ọmọ. Wọn kì í ṣe ẹni tí ń purọ́ fún ọmọdé. Wọ́n ní, “Ta ni ó sọ fún ọ pé Ojúlárí wà lọ́dọ̀ mi?”

Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. Nígbà tí ó yá, ọmọ yíjú sí mi, ó ní, “Dádì, bí Màmá àgbà bá kú, ṣé oko náà ni ẹ ó sọ fún mi pé wọ́n lọ?”

Ìyàwó mi pariwo mọ́ ọn, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ti ẹnu ọmọdé jáde lójú àgbà. Ìyá mi ni wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ìbéèrè rere ni ó bi bàbá rẹ̀.” Wọ́n ní kí n mú ọmọ lọ síbi tí mo sin ajá sí. Ibẹ̀ ni ó ti sunkún. Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó, wọ́n jókòó tì í, wọn kò sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kí ó dákẹ́, títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí mo ṣe, èrò mi sì nìyí. Irọ́ tí òbí ń pa fún ọmọ nípa ikú, a máa ń sọ pé nítorí ọmọ ni, kí ọkàn rẹ̀ má baà gbọgbẹ́. Nígbà púpọ̀, ara wa ni a fi ń dáàbò bò. Bí mo bá ti sọ fún ọmọ mi pé Ojúlárí kú, yóò bi mí pé kí ni ó pa á. Bí ó bá bi mí pé kí ni ó pa á, èmi yóò sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Oko Ìkirè rọ̀ mí lọ́rùn ju ìyẹn lọ. Mo fi ìbànújẹ́ ọmọ pamọ́ kí ìtìjú tèmi lè bá a pamọ́.

Mo mọ àwọn àtakò tí ẹ̀yin òǹkàwé yóò ṣe. Èkíní ni pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa ṣọ̀fọ̀ ajá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni ó mọ iyì ajá ju ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá lọ? Òwe wa ni ó sọ pé ajá tí ó rí ẹni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Nínú àlọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa, nígbà tí àwọn iwin ń fi àáké gé igi tí ọdẹ gùn sá fún wọn, kì í ṣe àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ké pè, àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta ni, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì fi pè wọ́n. Àwọn tí ń sun ìjálá a máa ki ẹranko bí ẹni ń ki ènìyàn. Mo mọ̀ pé ìlú wà nílẹ̀ wa tí a ti ń jẹ ẹran ajá, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi ajá bọ Ògún; n kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo ń wí ni pé ajá tí a sọ lórúkọ, tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà wa, tí ọmọ wa fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ìrìn, ikú rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì tí ó ti òkèèrè wá.

Àtakò kejì ni ti àwa onígbàgbọ́. Àwọn kan yóò ní Bíbélì kò yin ajá. Òótọ́ ni, nínú Ìwé Mímọ́, bí i nínú èdè wa, orúkọ ajá a máa jẹ́ èébú. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni ó sọ fún wa pé nígbà tí Lásárù dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀, àwọn ajá ni wọ́n wá síbi ojú egbò rẹ̀. Ìwé kan náà ni ó ka ẹran ọ̀sìn mọ́ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ sinmi ní ọjọ́ ìsinmi. Ìwé Òwe, orí 12, ẹsẹ 10, fi ìtọ́jú ẹran ṣe àmì olódodo. Nínú ìwé Jónà pẹ̀lú, nígbà tí Ọlọ́run ń sọ ìdí tí Òun fi dá Nínéfè sí, Kò gbàgbé àwọn ẹran ọ̀sìn tí ó wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi jù lọ ni mo ti gbọ́ ọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀yin tí a jọ gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbà tiwa lè rántí bàbá ọlọ́dẹ àti ajá wọn dúdú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a kò rí ajá náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ẹran wà nínú ọbẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó fẹnu kan ẹran náà, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sì ń sunkún. Ní ìpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àlùfáà ilé-ẹ̀kọ́ dìde. A rò pé wọn yóò bá wa wí. Wọ́n sọ fún wa ní ṣókí pé mọ́tò ni ó pa ajá náà lójú títì, pé bàbá ọlọ́dẹ ti sin ín sábẹ́ igi máńgòrò, àti pé kí ẹni tí ó bá kọjá lọ́dọ̀ bàbá náà kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ ìtàn Nátánì àti Dáfídì fún wa, èyí tí ó wà nínú ìwé Sámúẹ́lì kejì, orí 12.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn náà: tálákà kan tí kò ní ju abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo, tí ó ń bá a jẹ, tí ó ń bá a mu, tí ó ń sùn ní àyà rẹ̀ bí ọmọ. Ọlọ́rọ̀ mú un, ó pa á. Àlùfáà wa ní kí a kíyè sí Dáfídì. Kò dáhùn pé àgùntàn lásán ni, kí wọ́n ra òmíràn fún ọkùnrin náà. Ó bínú gidigidi, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí a mú lọ lọ́wọ́ tálákà náà ju owó ẹran lọ. Wọ́n ní ọkàn tí ó lè mọ ìrora tálákà náà nìkan ni Nátánì lè bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Bí Dáfídì bá ti rẹ́rìn-ín, ìwàásù ti parí nìyẹn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Nígbà tí mo di bàbá, mo gbàgbé rẹ̀.

Àtakò kẹta ni pé ènìyàn ń kú, ebi ń pa ènìyàn, kí ni a ń fi omijé ṣòfò lé ajá lórí sí? N kò sọ pé ikú ajá àti ikú ènìyàn dọ́gba. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ ìwé ìkéde, tàbí kí ó dá aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n omijé kì í ṣe omi inú ìkòkò tí yóò tán bí a bá bù ú fún ajá. Ọmọ tí a jẹ́ kí ó sunkún ajá rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń bá ẹni tí ó sunkún jókòó. Ọmọ tí a fi ṣẹ̀sín ń kọ́ láti máa fi àwọn mìíràn ṣẹ̀sín. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ikú ajá ni ikú àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilé wọn. Bí a bá ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn ni wọn yóò ṣe mọ èyí tí ó ń bọ̀ wá gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín. Bí ajá ilé bá kú, ẹ sọ pé ó kú. Ẹ má ṣe sọ pé ó sùn, nítorí ọmọ náà yóò lọ sùn lálẹ́, ẹ̀rù yóò sì bà á. Ẹ má ṣe sọ pé ó sá lọ, nítorí ọmọ náà yóò máa wá a kiri. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sin ín, àyàfi bí àrùn tí ó lè ràn bá wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe sáré ra ajá mìíràn ní ọjọ́ kejì bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà. Bí ọmọ bá sì bèèrè ohun tí ó pa ajá rẹ̀, ẹ sọ òtítọ́, bí òtítọ́ náà bá tilẹ̀ kan yín.

Òtítọ́ sì ní apá kejì tí a kò gbọdọ̀ fi dúró di ọjọ́ ikú. Ẹni tí ó bá gba ajá sí ilé ti jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ, omi, ibùsùn, ìtọ́jú kúrò lọ́wọ́ eégbọn, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kì í ṣe nítorí ajá nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí i 99 nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń mú, ajá ni ó kó o ràn wọ́n, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó máa ń já sí. Bí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Ìfẹ́ tí kò bá lè náwó abẹ́rẹ́ ọdọọdún, ojú lárí ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn Kérésìmesì náà, Ọlọ́run pe ìyá mi sílé. Ọmọ yìí ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, ó ń gbé inú ọgbà. Àwọn ẹbí ní kí a má sọ fún un títí ìdánwò yóò fi parí, kí a sọ pé Màmá àgbà rin ìrìn-àjò. Mo wa mọ́tò lọ bá a. Ó jáde wá pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, mo sì sọ fún un pé Màmá àgbà ti kú, pé orí ibùsùn wọn ni wọ́n kú sí, àti pé mo wà níbẹ̀. Ó bèèrè pé, “Dádì, ṣé òótọ́ ni?” Mo ní òótọ́ ni. Kò tún bèèrè mọ́. Ó gbà mí gbọ́, a sì jókòó sínú mọ́tò, àwa méjèèjì sunkún.

Nígbà tí a sin ìyá mi ní Ìkirè, ó bá mi da erùpẹ̀ sínú ibojì náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó rọra sọ fún mi pé àpótí ìjókòó Màmá àgbà ni òun fẹ́ mú lọ sílé, èyí tí wọ́n gbé jókòó tì òun lọ́jọ́ tí òun ń sunkún Ojúlárí. Ó wà nínú yàrá rẹ̀ di òní.